Agbọ̀n Èso Tí A Gbé Lọ sí Pearland

Òórùn aṣọ gbígbóná ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi nímú bí mo bá rántí Houston ìgbà èwe mi: aṣọ ìbùsùn funfun tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, tó ń jóni lọ́wọ́ bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ọdún 1987 ni. Mo ń kàwé ní yunifásítì kan níbẹ̀, mo sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ fún ilé ìwòsàn ńlá kan. Nínú lẹ́tà tí mo ń kọ sílé, mo máa ń sọ fún ìyá mi pé ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. N kò purọ́. Bí àwọn ará àdúgbò wa bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní dókítà, ẹjọ́ tiwọn nìyẹn.

Ẹnì kan kò lè ká aṣọ ìbùsùn bó ṣe yẹ. Ẹni méjì ló ń dì í mú ní ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn á nà án, wọn á rìn pàdé ara wọn, wọn á tún fà sẹ́yìn. Ẹni tí èmi ń rìn pàdé jẹ́ màmá àgbàlagbà kan tó wá láti ilẹ̀ Kàǹbódíà. Wọ́n kúrú, wọ́n gbẹ, irun orí wọn ti funfun, ọwọ́ wọn sì yá ju tèmi lọ. Òyìnbó tí wọ́n gbọ́ kò ju ogún ọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń tẹrí ba kí wọn, nítorí ara mi kò gbà kí n wo àgbàlagbà lójú kí n kàn ní “Hi.” Màmá náà á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, wọn á tẹrí ba díẹ̀. Àwọn yòókù tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé eré ni à ń ṣe. Ní ọjọọjọ́ Ẹtì, màmá á gbé ẹ̀fọ́ kan fún mi nínú ọ̀rá, ẹ̀fọ́ inú omi tí igi rẹ̀ ní ihò láàárín. Bí a ṣe ń se gbúre ni mo ń sè é. N kò bi wọ́n rí bóyá ó dára bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì. Sáà kan ló kù kí n gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwọn aláṣẹ sì ní ẹni kẹ́ni kò ní gboyè láìṣe kóòsì kan nínú ìtàn. Èyí tí àkókò rẹ̀ kò pa iṣẹ́ mi lára ni mo mú. Ó dá lórí ìgbésí ayé àwọn ará Angkor, ìlú ọba àtijọ́ kan ní Kàǹbódíà. Ọjọ́ tí mo kọ orúkọ sílẹ̀ fún un, n kò mọ̀ bóyá òkè ni Angkor tàbí oúnjẹ.

Olùkọ́ wa jẹ́ obìnrin òyìnbó kan tí ọ̀rọ̀ ọba ti sú. Ó ní ìwé tó sọ nípa àwọn ọba tó kọ́ àwọn ilé òrìṣà olókùúta wọ̀nyẹn ti pọ̀ jù. Ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ń se oúnjẹ fún àwọn tó ru òkúta. Ó máa ń fi iná tan àwòrán sára ògiri fún wa, àwòrán tí àwọn ará ìgbà náà gbẹ́ sára òkúta: obìnrin tó jókòó sílẹ̀ nídìí ọjà rẹ̀, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń fi àkùkọ jà, ẹnì kan tó ń fẹ́ná lábẹ́ ìkòkò, kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, ẹja lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó ṣàlàyé pé àwọn òrìṣà tó wá láti Íńdíà ni wọ́n ń bọ tẹ́lẹ̀, pé nígbà tó yá ni ẹ̀sìn Búdà fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n pé èyí tuntun dé ni, wọn kò lé èyí àtijọ́ jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó bi í pé báwo ni ẹnì kan ṣe lè ṣe méjèèjì pọ̀. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Mo mọ àwọn ènìyàn nílé.

Púpọ̀ nínú ohun tó sọ ni oorun kò jẹ́ kí n gbọ́, nítorí láti ìdí aṣọ ni mo máa ń gba kíláàsì lọ. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Ohun tó kù tó lè gbà mí ni iṣẹ́ ìwádìí tí a óò kọ: kí kálukú mú àwòrán kan lára ògiri náà, kí ó sọ bí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ṣe ń gbé. Mo jókòó ti àwòrán tèmi, mo sì rí ilé wa níbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé obìnrin tó ń fẹ́ná ni ìyàwó kékeré, nítorí pé ìyálé ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní ọkùnrin tó nawọ́ jáde níwájú ìkòkò jẹ́ ọ̀lẹ tí àwọn àna rẹ̀ ń wá. Mo ní bàbá tó na ìka sókè ń parí ìjà ilẹ̀. Ojú ewé mẹ́sàn-án ni mo kọ, ọ̀rọ̀ ń ṣàn lọ́wọ́ mi. Ẹni tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Nígbà tí olùkọ́ dá a padà, ó ti fi yínkì pupa kọ ọ́ sí ojú ewé kìíní pé, “Ta ló sọ fún ọ?” Ó kọ ọ́ sí ojú ewé kejì. Ó kọ ọ́ sí ìkẹta. Nígbà tó fi dé ìkẹsàn-án, “Ta?” nìkan ló kù.

Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tún un ṣe. Ó ní kí n lọ wá ẹni tó mọ̀, kí n sì dárúkọ ẹni náà sínú ìwé. Bí èyí náà bá bàjẹ́, kò sí oyè. Ẹ̀ẹ̀mejì sì ni wọ́n ti kọ̀ láti fún ìyá mi ní físà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó fún wọn, nítorí lẹ́tà tó sọ pé ọmọ wọn yóò gboyè nínú oṣù Karùn-ún. Ọdún mẹ́fà ni a kò tíì fojú kan ara wa. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi nínú aṣọ ìgboyè. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn, kò sí òmíràn.

Ní ọjọ́ kejì, bí èmi àti màmá ṣe ń ká aṣọ lọ, mo fa pépà àti bíírò yọ nínú àpò. Mo fi òyìnbó wẹ́wẹ́ bi wọ́n pé báwo ni ìyá wọn ṣe ń dáná ní Kàǹbódíà. Màmá kò wo ojú mi. Bíírò ni wọ́n ń wò. Lẹ́yìn náà, wọ́n jẹ́ kí etí aṣọ tí wọ́n dì mú bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ní ọjọ́ kejì, ìdí tábìlì mìíràn ni mo ti bá wọn. Ọjọ́ Ẹtì dé, n kò rí ẹ̀fọ́. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Mo pinnu pé mo ti ṣẹ màmá. Ẹni tó bá sì ṣẹ àgbà, kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀. Àgbà ló ń bá a bẹ àgbà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun kan tó ń ṣe ìsìn nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Ìyá Ìjọ, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, pariwo.

“O mú pen jáde níwájú àgbà? Ṣé police ni ẹ́ ni? Ah-ah! Ọmọ yìí ti spoil pátápátá. This Sunday, after service, a máa lọ bẹ̀ wọ́n.”

Bàbá Ìjọ gbà láti ṣáájú wa. Clear Lake ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, níbi ìwádìí òfuurufú, wọ́n sì máa ń sọ pé àwọn wà lára àwọn tó ń rán ènìyàn lọ sójú sánmà. Ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀.

Ọmọ-ọmọ màmá, ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún méjìlélógún, ló máa ń fi mọ́tò wá gbé wọn lẹ́yìn iṣẹ́. Mo lọ bá a. Mo ní mo fẹ́ wá rí màmá nílé lọ́jọ́ Àìkú, èmi àti àwọn àgbà mi. Ó ní, “Your elders?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì kọ àdírẹ́sì fún mi. Ojú àlejò tóbi, kò fi ríran. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ẹ̀bá Pearland ni ilé wọn wà, níbi tí ilé ti ń dín kù tí ilẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, tí ẹ̀fọ́ inú omi kún ẹ̀yìnkùlé. Bàbá Ìjọ wọ sùtánà funfun, láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìjọ wa. Ìyá Ìjọ náà wà nínú funfun. Èmi wọ kóòtù pẹ̀lú táì. A gbé agbọ̀n èso kan dání, ọsàn, ápù, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tí Ìyá Ìjọ ti fi ọ̀rá pupa wé tó ń dán gbinrin. Bàtà pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Ìjọ, tí kò ní èyí tí wọn óò bọ́, ló kọ́kọ́ wọlé.

Wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀. Àwọn àgbà mẹ́fà ti jókòó, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti múra. Oúnjẹ ti wà lórí tábìlì. Ọmọ-ọmọ màmá wọ aṣọ sílíìkì, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá láti máa túmọ̀ ọ̀rọ̀, kò sì gbójú sókè. Orí mi wú. Mo sọ sínú pé ẹ wo bí àwọn ènìyàn yìí ṣe ń gba ẹ̀bẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àti èmi àti táì. Àwọn àgbà náà wo ara wọn, wọ́n sì mi orí pé ó dára.

Bàbá kan tó jẹ́ àbúrò màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀. Ṣé àwọn òbí mi wà láyé? Kí ni mò ń kọ́ ní yunifásítì? Ṣé mo ń mutí? Bàbá Ìjọ dáhùn bí a ṣe ń dáhùn fún ẹni tí à ń bá bẹ̀bẹ̀: pé ọmọ gidi ni mí, pé n kì í mutí, n kì í mu sìgá, pé ẹnu mi kì í le sí àgbà, pé ẹni tó bá gbà mí sílé kò ní kábàámọ̀. Ìyá Ìjọ fi kún un pé mo mọ̀ ọ́n fọ aṣọ. Bàbá náà bi mí ní ọdún tí wọ́n bí mi. Wọ́n fi ìka kà á, nítorí ẹranko ni wọ́n fi ń pe ọdún kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ wọn, wọ́n bi ọmọbìnrin náà ní nǹkan kan, wọ́n tún kà. Wọ́n ní ẹkùn ni ọ̀kan, ejò ni ìkejì, ẹkùn àti ejò kò sì sábà gbé pọ̀ láìjà, ṣùgbọ́n pé àlúfáà ẹ̀sìn wọn lè bá wọn tún un ṣe. Bàbá Ìjọ rò pé òwe ni. Wọ́n mi orí, wọ́n ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, pé kò sí ìjà tí àdúrà kò lè parí.

Níbẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ti dákẹ́ ìtumọ̀. Ó gbójú sókè wò mí, ó bi mí pé ṣé òun ni mo wá tọrọ.

Bàbá Ìjọ yíjú sí mi. “Ìwọ, what is going on? Ṣé ohun tó o kó wa wá ṣe nìyí?” Mo ṣàlàyé pé bíírò ni, pé màmá ni mo ṣẹ̀, pé àforíjì ni mo wá tọrọ. Ọmọbìnrin náà túmọ̀ rẹ̀ kíákíá. Ìtura tó hàn lójú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó dùn mí. N kò fẹ́ fẹ́ ẹ o, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Àwọn àgbà yòókù bá wọn rẹ́rìn-ín, Ìyá Ìjọ náà rẹ́rìn-ín, a sì jẹun, ọwọ́ ọ̀tún gbogbo wa nínú ìrẹsì. Lẹ́yìn oúnjẹ ni màmá gba ẹnu ọmọ-ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti dé Amẹ́ríkà, gbogbo ẹni tó wá bá àwọn ló mú bíírò dání. Kò tíì sí ẹni tó kó àgbà wá. Wọ́n ní nígbà tí ìlú wọn dàrú, àwọn kan wà tó máa ń mú ènìyàn jókòó, wọn á bi í ní iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe, iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe, wọn á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, wọn á padà wá mú ẹni tí wọ́n kọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ wọn ṣe lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin wọn méjì ṣe lọ. Bí ẹni ń júwe ọ̀nà ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Màmá wá ní kí n bèèrè ohun tí mo fẹ́ bèèrè. Ṣùgbọ́n kí n má kọ ọ́. Mo yọ bíírò mi, mo fi lé Bàbá Ìjọ lọ́wọ́. Mo ní mo ṣèlérí, ọmọbìnrin náà túmọ̀ rẹ̀, màmá sì pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ sí mi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Títí tí oòrùn fi yẹ̀ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Ẹ̀bá àwọn ilé òkúta yẹn ni wọ́n ti dàgbà. Òkúta mẹ́ta tí a rì mọ́lẹ̀ ni ààrò ìyá wọn. Bàbá Ìjọ ní ẹ ò rí i, ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Èèpo àgbọn ni wọ́n fi ń bu ìrẹsì. Ewé ni wọ́n ń ká, tí wọ́n ń fi igi tín-ínrín gún kí ó má tú, wọn á bu omi ọbẹ̀ sí i, bí wọ́n bá mu ún tán wọn á sọ ọ́ nù. Àwọn obìnrin ló ń tajà, kálukú lórí ẹní tirẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó sí ojú ẹní ẹlòmíràn á gbọ́ tirẹ̀. Mo fi àwòrán mi hàn wọ́n. Màmá ní kò sí ìyàwó kékeré kankan níbẹ̀, alásè ni gbogbo wọn. Wọ́n ní ọkùnrin tí mo pè ní ọ̀lẹ, tó nawọ́ níwájú ìkòkò, kò sá fún àna kankan. Ó ń wò ó bóyá ìrẹsì ti jinná ni. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní kékeré, ìyá wọn máa ń mú wọn dúró níwájú obìnrin tó ń fẹ́ná lára ògiri, wọn á sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún wọn. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún wa. Ọmọ-ọmọ wọn kò tíì gbọ́ ọ rí. Ó pẹ́ kó tó lè túmọ̀ rẹ̀.

Ní Àìkú yẹn, mo gbé ẹ̀fọ́ ọ̀rá méjì padà sílé. Ní ọjọ́ Ajé, mo jókòó sí yàrá ìkàwé, mo sì kọ gbogbo rẹ̀.

Mo ní àlàyé tí mo ṣe fún ara mi. Mo ní ilé màmá ni màmá ti ní kí n má kọ, yàrá ìkàwé kì í sì í ṣe ilé wọn. Mo ní ohun rere ni mo ń kọ nípa wọn. Mo ní ìyá mi ti gba físà. N kò ro ti ọkọ àti ọmọ màmá rárá nígbà tí mo ń kọ ọ́. Ààrò àti ewé ni mo ń rò, mo sì ń rò bí ojú olùkọ́ yóò ṣe rí. Nígbà tí mo dé ìparí, mo rántí yínkì pupa, “Ta ló sọ fún ọ?” Mo kọ orúkọ màmá síbẹ̀, mo kọ ọ́ tán pátá, mo sì kọ ọ́ pé Pearland ni wọ́n ń gbé.

Máàkì tó ga jù nínú kíláàsì ni olùkọ́ fún mi. Ó kà á sókè fún gbogbo wa, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ tí ìyá màmá sọ. N kò ní irọ́ kankan pa mọ́ obìnrin yẹn. Ènìyàn dáadáa ni. Oore ló rò pé òun ń ṣe nígbà tó wá àdírẹ́sì màmá nínú ìwé tẹlifóònù, tó sì kọ lẹ́tà sí wọn lórí pépà yunifásítì, pẹ̀lú èdìdì, pé òun fẹ́ wá gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn tó ti fi ránṣẹ́ ló tó sọ fún mi. Ó rò pé màá dúpẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, màmá kò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo rí ọmọ-ọmọ wọn níbi tí à ń gbé mọ́tò sí, ó wá dá aṣọ iṣẹ́ màmá padà.

Ó ní, “Grandma ní kí n bi ọ́: ta lo fún ní orúkọ òun?”

Mo ní olùkọ́ mi ni, pé ẹni rere ni, pé ó kàn fẹ́ bọlá fún wọn ni.

Ó ní, “Mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ka lẹ́tà yẹn fún un. Ó ní àwọn ti ìgbà yẹn náà mọ lẹ́tà kọ.”

Ó ní ọ̀dọ̀ ìbátan wọn kan ní Kalifọ́níà ni wọ́n ń kó lọ, lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo wọn. Màmá kò lè sùn mọ́ nínú ilé tí àwọn aláṣẹ ti mọ orúkọ òun mọ́. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi bẹ wọ́n. Ó ní, “You know you can't send me. I'm not old enough.” Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Ìyá mi dé nínú oṣù Karùn-ún. Wọ́n jókòó sínú gbọ̀ngàn ńlá náà, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún gbogbo ọmọ dúdú tó bá kọjá, kí wọ́n má baà ṣèèṣì gbójú fo tiwọn. Inú mi dùn láti rí wọn. Inú mi sì bàjẹ́, lọ́jọ́ kan náà, nínú aṣọ kan náà. Nígbà tí a délé, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ kí màmá tó ń fún mi ní ẹ̀fọ́, èyí tí mo máa ń kọ̀wé sílé nípa wọn. Mo ní wọ́n ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Ìyá mi ní, “Ṣé ẹ dágbére fún ara yín?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ti tó ogójì ọdún tó ń lọ. Ìwé ẹ̀rí náà wà lára ògiri mi, ó sì ti ṣe mí lóore. N kò ní sọ pé kò ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ óò ti rí i pé ẹ̀ẹ̀kejì tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ màmá sílẹ̀ nìyí. Mo ti yọ orúkọ wọn. Ọ̀rọ̀ tí ìyá wọn sọ níwájú ògiri náà, n kò kọ ọ́ síbí, n kò sì ní kọ ọ́ síbòmíràn. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè. Bàbá Ìjọ ti sùn nínú Olúwa, Ìyá Ìjọ ti padà sílé lọ jókòó ti àwọn ọmọ-ọmọ wọn ní Abẹ́òkúta. Èmi gan-an ni mo di àgbà báyìí, tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ń wá gbé lọ bá wọn bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n bá ti pè mí, mo máa ń lọ. Tèmi ni n kò rí lọ, nítorí n kò mọ ilé tí màá gbé èso náà dé.